Bí Mo Ṣe Mú Àdùkẹ́ Padà sí Odomẹ́ta

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí a kúrò ní Ìbàdàn. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, Àdùkẹ́, ọmọ ọdún méje, sì gbé orí lé itan mi. Bàbá Sùlè, awakọ̀ wa, ti fi ẹ̀wù òtútù ara rẹ̀ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà kó tó ṣíná ọkọ̀.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni láti wá ìdí jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé wú. Àwa tí a wà ní yàrá àyẹ̀wò ń fura sí fáírọ́ọ̀sì kan, kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí bàbá Àdùkẹ́ gbé e wá láti ilẹ̀ Dahomey, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú débi pé ojú kan ti dí. Oògùn tí wọ́n fún un mú kí wíwú náà yọ́ bí òrí inú oòrùn. Oyún ìyá rẹ̀ ti dàgbà jù nígbà yẹn, kò lè bá wọn wá. Nígbà tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, oko pe bàbá padà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí n mú ọmọ lọ sílé, kí n sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ díẹ̀ bọ̀ fún àyẹ̀wò.

Ọ̀nà ọlọ́dà parí lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ, erùpẹ̀ pupa ni, ó sì kùn wá bí osùn. Ní Ìlarà tí a ti sọdá ààlà, aṣọ́bodè fi Faransé bi wá ní ọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé kò yé wa, ó yí i sí Yorùbá Kétu.

“Ọmọ ta nìyí?”

Àdùkẹ́ ló dá a lóhùn. “Ọmọ Odomẹ́ta ni mí. Mo ń lọ sílé.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé igi tó dábùú ọ̀nà sókè fún wa.

Ní Kétu, fáráǹkì ni wọ́n ń ná. Mo ra búrẹ́dì wọn, èyí tó gùn bí apá, tí èèpo rẹ̀ sì ń dún lẹ́nu. Mo bi obìnrin tó tà á bóyá ó ní omi. Lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, igbá ńlá la fi ń bu omi fún àlejò, ohun tó bá ṣẹ́kù a dà á nù. Ife kékeré kan ni obìnrin yìí bù, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gbé e fún mi. Bàbá Sùlè ṣàlàyé fún mi nínú ọkọ̀ pé omi ilẹ̀ jìn púpọ̀ lórí òkè yẹn, àwọn obìnrin a sì máa rìn jìnnà kí wọ́n tó rí i.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a dé Odomẹ́ta. Ìyá Àdùkẹ́ wà nídìí ààrò, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sáré. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó kan ti òsì, ó tún padà sí ọ̀tún.

“Àdùkẹ́.”

“Ìyá mi.”

Ìyá náà dìde, ó padà sídìí ààrò.

Ó gbé ọkà àgbàdo àti ọbẹ̀ ilá wá fún wa. Òun alára bu tirẹ̀ sínú àwo kékeré, ó lọ jókòó lọ́tọ̀ lẹ́bàá ògiri. Àdùkẹ́ dìde lọ bá a, ṣùgbọ́n ó fa àwo náà sẹ́yìn.

“Bá bàbá rẹ jẹun. Má jẹ tèmi.”

Bàbá rẹ̀, tó ń bá wa jẹun, wo ilẹ̀. Èmi náà rò pé àárẹ̀ ọmọ títọ́ ni. Ìgbà tí mo mú abẹ́rẹ́ jáde, tí mo sọ pé mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

“Dotóò,” ó wí; bí wọ́n ṣe ń pe dókítà níbẹ̀ nìyẹn. “Ṣé ẹ fẹ́ fi mọ̀ bóyá èmi ni mo kó o ràn án ni?”

“Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?”

“Nígbà tí mo já a lẹ́nu ọmú, mo máa ń fi ẹnu rún iṣu fún un. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ẹnu mi ni àìsàn náà ti wá. Láti ìgbà náà, èmi àti ọmọ kankan kì í jọ tọwọ́ bọ àwo kan.”

Irọ́ tó dùn wà lẹ́nu mi tí mo lè pa. N kò pa á.

“Ìyá Àdùkẹ́, a kò tíì mọ gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹnu ni kòkòrò náà ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le. Ìyá mi náà rún iṣu fún mi. Ìdí tó fi di àìsàn lára ọmọ kan, tí kò sì ṣe èkejì ní nǹkan kan, ohun tí mo ń wá kiri nìyẹn. Kì í ṣe ẹni tó bọ́ ọmọ rẹ̀ ni mo ń wá.”

Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àdùkẹ́. “Ṣé ó lè padà?”

“Ó lè padà. Bí ẹ bá rí i tó yọ, bó tilẹ̀ kéré bí ẹ̀pà, ẹ gbé e wá kíákíá.”

Mo lọ jókòó tì í. Mo fọwọ́ bu ọkà nínú àwo rẹ̀, mo rì í sínú ọbẹ̀ ilá rẹ̀, mo jẹ ẹ́. Ó wò mí títí mo fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló yí orí padà.

“Àdùkẹ́, máa bọ̀ wá jẹun.”

Ọwọ́ òsì ló nà sí mi fún abẹ́rẹ́, nítorí ọ̀tún wà nínú àwo pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo kó ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bàbá náà sínú fíláàsì oníyìnyín, a gba ọ̀nà tí a gbà wá padà. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ìbàdàn. Nígbà tí èsì dé, àmì kan náà tó wà lára mi ló wà lára ìyá náà. Àìsàn Àdùkẹ́ kò padà mọ́.

Mo ti dàgbà sídìí iṣẹ́ yìí báyìí. Kí n tó lọ sí Odomẹ́ta, mo rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: kí ló fà á? Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ bó ṣe ń dún létí ìyá: àbí èmi ni? Láti ìgbà náà, bí ìyá kan bá gbé ọmọ jókòó níwájú mi, ìbéèrè ìyá yìí ni mo kọ́kọ́ ń dáhùn, ì báà béèrè, ì báà má béèrè.