Àpótí Iná Tí Mo Fi Ọwọ́ Wọ̀n

Iṣẹ́ tí mo fi jẹun fún ogún ọdún ni kí n máa fura sí àpò kọfí. Èmi ni mò ń wọn kọfí àti kòkó fún àwọn tó ń rà á ní Atakpamé. Àgbẹ̀ á gbé àpò rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, èmi á wo abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà n óò wo ojú àgbẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá balẹ̀ jù, n óò ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgúnpá, n óò sì fa òkúta jáde. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ iyanrìn. Lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ọmọ ọlọ ni. Àgbẹ̀ náà á máa wò ó bí ẹni tí kò rí òkúta rí láyé. Láti Glei títí dé Moretan, wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi òkúta tàn mí jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mò ń gbé nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ìyàwó mi ti lọ ṣòwò aṣọ ní Lomé, òwò náà sì dùn mọ́ ọn débi pé kò rántí ọ̀nà ilé mọ́. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló wá bá mi gbé fún ọdún mẹ́ta, nítorí lísè, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò sí lábúlé àwọn òbí rẹ̀. Ìbátan bàbá rẹ̀ kan tó ti Faransé dé ló fún un ní kọ̀ǹpútà kékeré kan, àlòkù, tó fẹ̀ tó ìwé méjì tí a tẹ́ síra. Bí a bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, eré ló ń ṣe. Ọkọ̀ òfuurufú á máa fò, nǹkan á máa já bọ́ láti òkè, àwa á máa yìnbọn sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì jẹun tán, a óò jókòó ti eré náà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi síkàáwọ́ mi. N kì í tẹ̀ ẹ́ lásìkò.

"Tọ́ńtọ̀n, ẹ ti kú."

"Ta ló pa mí?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ni."

Tọ́ńtọ̀n ni àwọn ọmọ ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn lọ́dọ̀ wa. Ẹnu àwọn Faransé la ti gbà á, a ò sì dá a padà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ náà lọ sí yunifásítì ní Lomé, àpótí iná kọ̀ǹpútà náà jó. Àpótí dúdú kan ni, tó ń gba iná ogiri, tó ń bù ú kéré fún kọ̀ǹpútà bí ìyá tó ń gé ẹran fún ọmọ. Ó rùn bí ìwo ewúrẹ́ nínú iná, ó sì dákẹ́. Ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ bò ó.

"Kí n gbé òkú lọ sí Lomé ṣe kí ni? Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Mo tọ́jú ẹ̀. Nígbà tó wá kí mi lóṣù kẹta lẹ́yìn tó lọ, ó sùn ọjọ́ kan péré. Ó ṣí aṣọ, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún bò ó, ó sì lọ wọ taksí. Láti ọjọ́ yẹn, ilé dákẹ́ lọ́nà tí etí mi fi ń hó. Mo ń se oúnjẹ ẹni méjì, mo sì ń jẹ ti ẹnì kejì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Níbi iṣẹ́, mo máa ń kí òṣùwọ̀n kí n tó kí ọ̀gá.

Nígbà tó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí òkú yìí bá jí, ọmọ yìí á dúró kọjá ọdún tuntun. Bí kò bá jí, oorun ọjọ́ kan náà nìyẹn. Mo ní láti wá àpótí iná.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù iná ń bà mí. Orógùn ni mo fi ń tan iná yàrá mi, kí n má bàa fọwọ́ kan ògiri. Orógùn náà kò mọ̀ mọ́ bóyá ti ìkòkò lòun tàbí ti ògiri.

Mo da ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ kọ̀ǹpútà kọ sórí bébà: fólítì mẹ́sàn-án, ámpì kan. Mo gba Agbonou lọ, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gbé àpótí méjì síwájú mi, kékeré kan àti ńlá kan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Eré."

Ó wo irun funfun orí mi.

"Èwo ló lágbára jù?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wíwọ̀n. Ẹ wọ̀n wọ́n."

Mo gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, mo gbé èkejì sí ọwọ́ òsì, mo di ojú. Kékeré yẹn fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ńlá náà fa apá mi wálẹ̀ bí kọfí tó gbẹ dáadáa. Mo ní ńlá ni n óò mú.

"Ẹ jẹ́ kí n tì í bọ iná, kí ẹ rí i bó ṣe ń ṣe."

Mo ti dé ojú ọ̀nà kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ balẹ̀ gan-an. Mo rí i pé ó balẹ̀.

Mi ò dán an wò nílé pẹ̀lú. Mo gbé e sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń nu eruku ara rẹ̀, mo sì ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá.

Ọmọ dé nígbà tó ku ọjọ́ méjì sí Kérésìmesì, pẹ̀lú ọsàn tó rà ní Glei. Kò tíì mu omi tó fi rí àpótí náà. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, garawa iyanrìn lọ́wọ́. Àwòrán yọ. Ọkọ̀ òfuurufú wa gbéra.

"Tọ́ńtọ̀n, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì yín."

Kí n tó bọ́ bàtà, tẹlifíṣọ̀n funfun gbòò. Ọmọ tún tàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fọwọ́ kan àpótí, ó yára yọ ọwọ́. Nígbà tó tutù, ó gbé e, ó mì ín, ó sì wò mí.

"Kí ló wúwo tó báyìí?"

Ó fi ọ̀bẹ ìdáná ṣí i. Iṣẹ́ iná tó wà nínú rẹ̀ kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà lẹ òkúta kan mọ́, òkúta odò, tó dán, tó mọ́.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ń ki ọwọ́ bọ àpò àwọn bàbá wa?"

"Àpò kì í gbé èèyàn bí iná."

Ó tún fi ẹ̀rín dojú bolẹ̀. Ojú ń tì mí, àmọ́ mi ò fẹ́ kó dákẹ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ kejì a jọ lọ sí Agbonou. Ọkùnrin náà búra pé bí òun ṣe rà á lòun ṣe tà á, àti pé òun ò lè gba òkúta padà. Ọmọ mi kò bá a jà. Ó ní kó gbé àwọn yòókù jáde, ó ń ka ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ kékeré àkọ́kọ́ yẹn, ó ní ámpì rẹ̀ kò tó. Ó mú ọ̀kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ó ní kí ọkùnrin náà fi rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan sí i lára kó sì jẹ́ kí rédíò máa kọrin. Ó bó ọsàn, ó fún mi ní ìdajì, a mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ mi lé àpótí náà lórí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí orí ọmọ tí ara rẹ̀ le.

"Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, Tọ́ńtọ̀n, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lójú yín. Ọ̀rọ̀ ìwúwo kọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣeré. Mo kú ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mo ra adìyẹ kejì sílẹ̀ de ọdún tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo bá a tó ń fi ìró di kọ̀ǹpútà, àpótí iná tuntun láàárín rẹ̀.

"Ó ti jí báyìí, mo lè gbé e lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ti ń retí mi."

"Adìyẹ ń kọ́?"

"Ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Èmi ni mo gbé ẹrù náà dé ibùdó taksí. Kò wúwo rárá, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ohun tí mò ń rò kò yẹ àgbàlagbà: ì bá jẹ́ pé mo fi òkú yẹn sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ọmọ yìí ì bá ṣì máa wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá ní Àjíǹde, ó lo ọ̀sán kan. Ó rí àpótí olókùúta lórí tábìlì, níbi tí mo ti fi í tẹ àwọn lẹ́tà tó kọ sí mi láti Lomé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé wọn.

"Ẹ ṣì ń tọ́jú nǹkan yìí?"

"Ó wúwo," ni mo wí. "Kì í lọ síbì kankan."