Ajá Tí Bàbá Mi Sọ ní Wọn-ò-dúró

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Ọ̀yọ́ níbí, tí mo ṣí fèrèsé, tí òórùn ewéko tútù àti ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi bá wọlé, nǹkan kan máa ń kù tí imú mi ń wá. Òórùn irun ajá ni. Kò sí ajá nílé mi o, ọkọ mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ṣùgbọ́n imú ní ìrántí tirẹ̀, ohun tí tèmi sì ń wá ni ajá pupa kan tí ìrì ti rẹ látorí dé ìrù, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, tó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ sí mi lọ́rùn bí a ti ń ti Ìkòyí-Ilé padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ Sátidé.

Òkè kan wà nítòsí Ìkòyí-Ilé tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa gùn. Lórí rẹ̀ ni ògiri ìlú àtijọ́ wà, àti yàrà jíjìn tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ìlú ká kí ogun má baà wọlé. Ògiri ọ̀hún ti wó tán, ó ku òkìtì gbọọrọ tí koríko bò. Dókítà ló ní kí bàbá mi máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní tí àwọn bá máa rìn, ilé baba àwọn làwọn ó rìn lọ. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wá, àwọn tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ wo ni orúnkún ń dùn báyìí. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn, ajá yẹn nìkan ló ń bá bàbá mi jí láàárọ̀. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá ti Ọ̀yọ́ wá, àwa mẹ́ta la jọ ń lọ.

O mọ̀ bí a ti í sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà níkùn rẹ̀ tí kò lè wí i lójú ẹni tó ń bá wí, á ra ajá, á fi ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́, á wá máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ kí olóhun lè gbọ́. Wọn-ò-dúró ni bàbá mi sọ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájì, ni wọ́n ń bá wí.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí ìyá wọn kú nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí ni ìyá àgbà, Mùsùlùmí ni Àlájì. Bàbá mi nìkan ló bá àwọn Onítẹ̀bọmi lọ nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé míṣọ́n. Ìyẹn kì í dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹran Iléyá, tá a tún jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni ìyá àgbà kú, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Àlájì ti sin wọ́n bí ẹ̀sìn ti wí. Ọjọ́ kejì ni bàbá mi dé, pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bá. Wọn ò fojú kan ìyá wọn. Bàbá mi ò jà, wọn ò sì béèrè nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tí wọ́n padà wálé, wọ́n ra ajá.

Ọdún márùn-ún gbáko ni Àlájì fi gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé wọn. “Wọn-ò-dúró, wá jẹun! Wọn-ò-dúró, jáde níbẹ̀ yẹn!” Wọn ò fèsì lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀kùn mẹ́ta péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹnu àwa ọmọ ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn. Èmi, ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn kí ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an, nítorí àwọn méjèèjì ti ń darúgbó, agídí wọn ò sì darúgbó.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo lọ bá Àlájì, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ Mùsùlùmí yàtọ̀ sí Kìrìsìtẹ́nì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rìn. Mo fi wọ́n síwájú ọkọ̀ kí n tó lọ pe bàbá mi. Bí bàbá mi ti rí fìlà Àlájì nínú ọkọ̀, wọ́n fẹ́ padà sílé. Ṣùgbọ́n ajá ti fò wọlé, wọn ò sì lè fi ajá wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Wọ́n wọlé.

“Sọ fún bàbá rẹ kó di ajá rẹ̀ mú,” ni Àlájì wí. “Mo ní ìrun láti kí, kó má fi itọ́ kàn mí.”

“Sọ fún Àlájì pé ajá mi ò bá wọn wí,” ni bàbá mi fèsì.

Báyìí ni mo ṣe ògbufọ̀ dé Ìkòyí-Ilé láàárín ọmọ ìyá méjì tí wọ́n gbọ́ ara wọn yékéyéké.

A rọra gun òkè náà. Ìrì ṣì wà lórí koríko, àparò ń dún lábẹ́ ògiri, a sì ń wo òrùlé pàánù àti oko ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀. Ni ọ̀yà kan bá fò jáde nínú koríko, ajá gbá tẹ̀ lé e, a ò sì rí i mọ́.

A dúró títí, kò padà. Ọ̀fìnkìn ti mú bàbá mi láti bí ọjọ́ mẹ́ta, ohùn wọn ti há, wọ́n pariwo títí kò ju bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ lọ. Èmi náà pè é. Ajá yẹn ò kà mí sí, àlejò Ọ̀yọ́ ni mí lójú rẹ̀. Oòrùn ń ga. Bàbá mi ń fi ọ̀pá wọn wá inú koríko kiri.

Àlájì jókòó lórí òkúta, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọn ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa kí mọ́ṣáláṣí tó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn wọn sì máa ń dé oríta Takie láàárín ìlú. Wọ́n dìde. “Ajá!” ni wọ́n pè. “Ajá o!” Òkè dákẹ́.

Bàbá mi wú ikọ́. “Sọ fún Àlájì,” ni wọ́n wí, “pé ajá mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ‘Ajá’. Orúkọ rẹ̀ ló mọ̀.”

Mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Kò sì sí ìdí tí mo fi máa jẹ́ ẹ, Àlájì ti gbọ́. Wọ́n ti tẹ̀sùbáà bọ àpò, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sí etí bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pe ìrun, wọ́n dijú.

“Wọn-ò-dúróóó!”

Òkè kejì gbà á, ó sọ ọ́ padà. Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta. A wá gbọ́ igbe ajá láti inú yàrà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há sáàárín òkúta méjì nísàlẹ̀. Orúnkún bàbá mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ń wá ibi tí mo máa gbà. Kí n tó rí i, Àlájì ti ṣí fìlà wọn fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti fi ìdí wọ́ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e mọ́ àyà, ó sì ń lá wọn lójú. Inú yàrà yẹn ni wọ́n wà tí wọ́n gbójú sókè.

“Ìyá ló ní ká má dúró,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ní, ‘Ẹ má dúró dè é o. Tó bá gbọ́ pé ẹ ń dúró, á sáré. Ọ̀nà ló pa bàbá yín níbi tó ti ń sáré lọ síbi òkú, kó má tún pa ọmọ mi.’”

Bàbá mi tẹ̀ síwájú dé etí yàrà. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“O ò bi mí,” ni Àlájì wí. “O lọ ra ajá.”

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀. “Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n mi,” ni wọ́n wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pe Àlájì ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn láti ọdún márùn-ún. Ẹ̀bá odò ìsàlẹ̀ òkè ni Àlájì ti fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi wẹ itọ́ ajá kúrò, ìgbà méje bí ẹ̀sìn wọn ti wí, bàbá mi ló ń bu omi sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí à ń bọ̀, mo wo dígí: ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó sí, ajá wà láàárín wọn. A ò yí orúkọ rẹ̀ padà. Àlájì ló tún wá ń pè é jù, pàápàá tí oúnjẹ bá ti jinná.

Ajá náà darúgbó, ó kú. Lọ́yẹ́ tó kọjá, fóònù mi dún láàárọ̀ kùtùkùtù, bàbá mi ni. “Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ,” ni wọ́n wí. “A ò ní dúró dè ọ́ o. Má sáré.” Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó tó ìyẹn rí. Mo rọra wa ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń yà mí sílẹ̀, omijé ń dà lójú mi.

Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó dé. Mo bá bàbá mi lórí bẹ́ńṣì Àlájì, mo jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí àwọn náà ti béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n ti Jọ́ọ̀sì dé. “Bàbá mi, kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?”

“Wọ́n bi mí bóyá Wọn-ò-dúró ti jẹun.”

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ajá náà ti kú. “Kí lẹ wá sọ?”

“Mo ní ó ti yó.”

Àárò òkè yẹn ń sọ mí. Àárò ohùn yẹn ló ń sọ mí jù, nígbà tó ta láti orí òkè kan sí èkejì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí lónìí, mo máa ń lọ bá a, mo máa ń bi í léèrè. N kì í ra ajá.