Obìnrin Tí Wọ́n So Mọ́ Bẹ́ẹ̀dì

Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní wọ́ọ̀dù wa ní Ìwó, lẹ́yìn náà ni ti gààrí tí àwọn obìnrin ń yan lẹ́yìn ọgbà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, òórùn méjèèjì kì í kúrò lára aṣọ mi. Mo ti kàwé gboyè nínú sàíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó. Èèyàn gbọ́dọ̀ lo ọdún kan lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn kí wọ́n tó gbà á láyè láti dá aláìsàn tọ́jú. Mo kọ̀wé síbi púpọ̀, wọn ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n pè mí sí Ìwó, ìlú mi, bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ṣe àdúà títí ojú fi ń tì mí.

Níbi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, dókítà tó máa di ọ̀gá mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ àáfà, àìsàn wo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń wò sàn?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo fẹ́ iṣẹ́ náà. O á ti rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti lọ́kọ wá láti Olúpọ̀nnà. Oyún àkọ́kọ́ ni, òkú ọmọ ló bí. Láti ìgbà náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn máa ń dìde, á kọrí sí géètì. Bí wọ́n bá fà á padà, á tún dìde. Dókítà ní orí rẹ̀ ti dàrú, kí wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́, kí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀. Báńdéèjì ni wọ́n fi so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Ọmú rẹ̀ ṣì ń sun wàrà, ó ń rin ín láṣọ, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi nù ún. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Mo máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án. Mi ò da ìbéèrè bò ó. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń fi aṣọ nu àyà rẹ̀, ó ní, "Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Ta ni, àbúrò mi?"

"Ọmọ mi. Wọn ò jẹ́ kí n rí i."

O mọ àṣà wa: a kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Àwọn àgbà rò pé ohun tí ojú ò bá rí, ọkàn á gbàgbé. Ọkàn tirẹ̀ kò gbàgbé. Kò fẹ́ sá lọ síbì kankan, ọmọ rẹ̀ ló ń wá lọ. Mo bi í bóyá mo lè bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ohun tó bá mi sọ fún ọ̀gá mi níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ẹ fi kún abẹ́rẹ́ rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi í léèrè fúnra yín."

Obìnrin náà ń wò wá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì obìnrin náà, mo tú báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀.

"Jáde ní wọ́ọ̀dù mi!"

Mo jáde. Ọ̀dọ̀ ọkọ obìnrin náà ni mo gbà lọ. Ọlọ́kadà ni, abẹ́ igi lẹ́bàá géètì ló máa ń jókòó sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó fọwọ́ mú orí. "Mo mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n ìyá mi ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún un."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

Ó dìde, ó wọlé, ó ní òun fẹ́ mú ìyàwó òun lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e dé ìdí sàréè náà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyàwó òun dojú bolẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, nígbà tó sì dìde, ó ní ebi ń pa òun. Nígbà tí obìnrin náà padà wá kí wa, ó ti dirun, ó ń sọ̀rọ̀. Dókítà wá dìde nípàdé ilé ìwòsàn, ó ní abẹ́rẹ́ òun ló wò ó sàn. Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ọdún mi pé, ó ní òun ò ní jẹ́rìí pé mo parí, àfi tí mo bá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Bàbá mi ní, "Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Ìkúnlẹ̀ kì í pa èèyàn." Àárọ̀ wo ni mi ò kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yẹn? Ṣùgbọ́n kí n pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ pé mo tú ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀? Láéláé. Mo kó ẹrù mi, mo lọ tún ọdún náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìlú mìíràn, lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, ìyá àgbà kan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti parí.

Àwọn èèyàn ní kí n gbàgbé, kí n fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà kan, èmi náà ń gbàdúà pé kí ìbínú náà tán. Mi ò gba irú àdúà bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lónìí, tó rẹ̀ mí, tí aláìsàn kan ń dà wá láàmú, tó ń ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n ṣáà fún un ní nǹkan tó máa mú un sùn, ìbínú yẹn ló máa ń dì mí lọ́wọ́ mú. Òun gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́.