Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Ládòkun

"Ajókòó-jẹun" ni àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìdí-Ẹmì máa ń pe Ìyápọ̀. Ahunṣọ ni. Bàbá rẹ̀ ló gbé òfì láti Ìsẹ́yìn wá sí abúlé náà, lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, níbi tí gbogbo ọkùnrin ti ń kọ ebè. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá di ọkọ́ mú, tó fi ìdí jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀lẹ ni. Ẹ ò rí nǹkan! Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóde Ṣakí, ṣé inú ebè ló ti hù ni? Ẹ jẹ́ n fi ìbínú sílẹ̀. Ẹ̀gàn ò ní kí oyin má dùn.

Òkúta kan wà láàárín abúlé náà, Agbéniṣánlẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá ti wọlé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á gbìyànjú láti gbé e dé èjìká. Òfin àwọn baba wọn ni pé ẹni tó bá gbé e, òun àti ará ilé rẹ̀ kò ní ru ẹrù túláàsì fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Bàbá Àdìgún ló gbé e kẹ́yìn, ìyẹn nígbà tí irun dúdú ṣì wà lórí wọn.

Ìyápọ̀ náà gbìyànjú lọ́dún kan. Òkúta yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá fìdí janlẹ̀. Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ Ládòkun, ẹni tó yẹ kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ló tún sọ̀rọ̀ jù: "Lọ jókòó, ìyẹn lo mọ̀ ọ́n ṣe." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ẹ jẹ́ n sọ bí òfì ṣe rí. Níwájú ahunṣọ, lọ́ọ̀ọ́kán, òkúta máa ń wà lórí pákó kan tí wọ́n so òwú mọ́, òun ló ń fa òwú náà le. Bí aṣọ ṣe ń gùn ni òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ. Tó bá sún mọ́ ọn jù, á tú òwú sí i, á gbé òkúta padà síbi tó ti ń bọ̀. Ìyápọ̀ ronú pé òun lè fi èyí kọ́ òkúta gbígbé, ó lọ wá òkúta ńlá, ó gbé e lé pákó. Pá! Pá! Pá! Gbogbo òwú já. Fàsásì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hunṣọ, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òwú wo ló ṣẹ̀ yín?"

Ìyápọ̀ dá òkúta kékeré padà sórí pákó, ó fi ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá dìde lọ gbé èyí tó wà lórí pákó, á gbé ti ẹ̀gbẹ́ náà dé àyà. Nígbà tí ìyẹn fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá èyí tó tóbi jù ú lọ. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún. Kì í sì tẹ ẹ̀yìn bí àwọn àgbẹ̀. Á lóṣòó, á wọ́ òkúta sórí itan, á wá fi ẹsẹ̀ tó ń tẹ igi òfì látàárọ̀ dìde.

Nígbà tó yá, òyìnbó gbé ogun Jámánì lọ sí Kamẹrúùnù, akódà kan, ìránṣẹ́ ìjọba, sì dé láti wá aláàárù tí yóò ru ẹrù ogun. Ládòkun kò wo ilé ara rẹ̀, kò wo ilé àwọn àgbẹ̀. Fàsásì ló nawọ́ sí, Fàsásì tí èéfín lásán ń mú wúkọ́! Àwọn tó ti lọ ṣáájú, ta ló tíì rí ẹni tó padà? Kí Ìyápọ̀ tó gbọ́, wọ́n ti so okùn mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ igi ẹmì.

Ìyápọ̀ dé ibẹ̀, òwú ṣì wà lára rẹ̀. "Baálẹ̀, iṣu tuntun ti wọlé. Mo fẹ́ gbé Agbéniṣánlẹ̀."

Ládòkun rẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Tí o bá gbé e, èmi fúnra mi ni màá tú okùn yẹn."

Ìyápọ̀ lóṣòó ti òkúta.

"Ó ti jókòó o!" ni wọ́n pariwo. "Ó fẹ́ hun ún!"

"Mo ń hun ún lọ́wọ́," ló dá wọn lóhùn. "Ẹ ní sùúrù."

Ó wọ́ ọ sórí itan. Ó gbé e dé àyà. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó dìde, òkúta sì gun èjìká.

Akódà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irú ẹni tí òyìnbó ń wá gan-an nìyí! Ẹ mú àwọn méjèèjì."

Gbogbo èèyàn wo Ládòkun. Ládòkun wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìjọba ni," ló ní. "Òfin àtijọ́ ò ká a."

Inú bí Ìyápọ̀ débi tí kò mọ ìwúwo ohun tó wà léjìká rẹ̀ mọ́. Ó gba àárín èrò kọjá, ó rìn tààrà dé ilé baálẹ̀, ó sì ju Agbéniṣánlẹ̀ sílẹ̀ gbì! láàárín ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó bá lè gbé e kúrò níbẹ̀, kó mú wa lọ. Ẹni tí kò bá lè gbé e, kó tú àbúrò mi sílẹ̀!"

Àwọn àgbẹ̀ gbìyànjú, wọ́n gbé e tì. Akódà náà bọ́ ẹ̀wù, ó dì í mú, ló bá fìdí janlẹ̀. Ẹ̀rín bú. Bàbá Àdìgún rọra rìn lọ sọ́dọ̀ Fàsásì, wọ́n tú okùn náà, kò sì sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́. Akódà búra pé òun á padà wá. Títí ogun fi parí, wọn ò rí i mọ́.

Òkúta wà níbẹ̀. Òkúta baba ńlá ni, ta ló jẹ́ fi òòlù kàn án? Àwọn ìyàwó baálẹ̀ kò lè gbé ìkòkò omi wọlé, Ládòkun fúnra rẹ̀ ń ká ṣòkòtò sókè láràárọ̀ láti fò ó. Nígbà tó sú u, ó rán ìránṣẹ́ sí Ìyápọ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, pé kó jọ̀ọ́, kó wá bá òun gbé e kúrò.

Ìyápọ̀ wà nídìí òfì, Fàsásì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ bá mi kí baálẹ̀ o. Ẹ sọ fún wọn pé mo jókòó."