Odídẹrẹ́ Tó Ń Fi Ohùn Ìyá Mi Sọ̀rọ̀

Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin kan tí a jọ ka kọ̀m̀pútà ní yunifásítì pinnu láti ṣe géèmù ẹran ọ̀sìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ewúrẹ́ la kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá ṣí géèmù náà lórí fóònù rẹ̀ á ní ewúrẹ́ kan tí á máa bọ́, tí á máa wẹ̀ fún, tí á sì máa wá kiri bó bá sọnù. Èmi ni mò ń ya àwòrán, òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù. Owó tá a máa fi parí ẹ̀ ni kò sí, la bá ṣí ojú ìwé ìdáwójọ kan, kí ẹni tó bá wù ú lè fi ohun tó ní ràn wá lọ́wọ́. A ṣèlérí pé ẹni tó bá dáwó á sọ ewúrẹ́ kan lórúkọ.

Mo lọ ṣàlàyé fún ìyá mi. Aránṣọ ni wọ́n, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi la sì ń gbé ní Ìwó. Wọ́n dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, wọ́n bi mí bóyá ewúrẹ́ náà ṣeé pa jẹ. Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé ó ṣeé tà. Mo tún ní rárá. Wọ́n wá ní kí ló dé tí èèyàn á fi sanwó kó tó rí ìyọnu ewúrẹ́, nígbà tí ti aládùúgbò ń jẹ àjákù aṣọ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀rẹ́ wa mélòó kan àti olùkọ́ wa kan péré ló dáwó. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìwó, tó ń gbé lókè òkun, kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ojú ìwé wa: "Ẹ̀yin ọmọ Ìwó, ewúrẹ́ lẹ rí mú? Níbo lẹ gbé odídẹrẹ́ sí?" Àwọn mìíràn dá sí i. Ẹnì kan ní owó wà lọ́wọ́ òun, àmọ́ òun ò ní yọ ọ́ fún ewúrẹ́ láéláé. Àwa tí wọ́n ti ń fi odídẹrẹ́ kì nínú oríkì ìlú wa láti kékeré, ojú tì wá. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ń ya ìrù pupa odídẹrẹ́.

Àwòrán ò le, ohùn tí ẹyẹ náà á máa fi sọ̀rọ̀ ló le. Àwọn ará àdúgbò júwe bàbá àgbẹ̀ kan ní Kuta, nítòsí Ìwó, tó ní odídẹrẹ́ fún wa, a sì gun ọ̀kadà lọ. Mo kúnlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, bàbá gbé ẹyẹ náà jáde, a gbé fóònù síwájú ẹ̀. Ẹyẹ náà wò wá, ó yí orí, ó jẹ gbogbo ẹ̀pà tá a rà fún un, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó wúkọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ikọ́ àwọn ni, ohun kan ṣoṣo tó rí kọ́ lára àwọn nìyẹn.

Ikọ́ bàbá la gbé bọ̀ wálé. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní odídẹrẹ́ tó mọṣẹ́ ẹ̀ kì í wúkọ́, pé báyìí ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n há ohùn bíi ti ẹyẹ, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun? Irọ́ lò ń pa. Lọ jẹun." Fóònù mi ń gbà á sílẹ̀, n kò sì sọ fún wọn.

A fi ohùn náà sẹ́nu odídẹrẹ́ tí mo yà, a gbé e sójú ìwé wa. Àwọn tá ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, títí ohun tá a ń wá fi pé. Mo wá kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n gbé e wá káwọn gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní ohùn àwọn há jù, ká tún un gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jókòó síwájú fóònù pẹ̀lú gèlè lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní rí wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ti ṣe é pé ẹyẹ tí wọn ò bá bọ́ fọ́jọ́ mẹ́ta á kú. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. "Ohun tó bá ń fi ohùn mi sọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ kú," ni wọ́n wí. A yí i padà: ẹyẹ tí ebi bá ń pa, á fò lọ sórí fóònù ẹlòmíràn, á sì ròyìn ẹni tó ni ín níbẹ̀. Ìyẹn ló dá ẹ̀rín àti ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré.

Lẹ́yìn tí géèmù náà jáde, obìnrin kan kọ̀wé sí wa pé òun nìkan lòun ń gbé, pé odídẹrẹ́ yẹn nìkan ló ń bi òun bóyá òun ti jẹun. Mo kà á fún ìyá mi. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n wá ní kí n bi í ohun tó jẹ. Ó fèsì pé gàrí ni. Ìyá mi mi orí, wọ́n ní gàrí kì í ṣe oúnjẹ, kí n gbé fóònù wá, nǹkan tuntun wà tí ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ máa sọ.