Àmì Kan Ṣoṣo ní Thames View

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà tó ẹni tí ń dìbò ní Barking, nílùú òyìnbó yìí, ọ̀rọ̀ ìdìbò kánsù tó kọjá ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí òmíràn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ wa pé a ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́gun wo? Èmi dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń ka ìbò. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní ìṣẹ́gun, ojú rẹ̀ kò rí ohun tí ojú mi rí.

Mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì nígbà náà, èmi sì ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní gáráàjì wa, torí náà ẹnu mi kì í dákẹ́, inú sì máa ń tètè bí mi. Àdúgbò wa ní Thames View ní àga mẹ́ta ní kánsù. Ìyẹn ni pé olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò mẹ́ta. Wọ́n á fún ọ ní ìwé kan, wàá fi àmì síwájú orúkọ mẹ́ta, àwọn mẹ́ta tí ìbò wọn bá pọ̀ jù lọ ló máa wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti bà jẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣèlú wa fa èèyàn mẹ́ta kalẹ̀. Démọ́lá, ọmọ ìjọ wa tí wọ́n bí síbí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, wà lára wọn. Òyìnbó ni àwọn méjì yòókù: Kevin, oníṣẹ́ iná mànàmáná, àti Pauline. Ní òdìkejì, ẹgbẹ́ kan wà tí ìwé ìpolongo wọn ń sọ pé àwọn àjèjì ti gba ilé mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fà kalẹ̀ ládùúgbò wa, ọkùnrin kan tó máa ń tún páìpù omi ṣe. Ó mọ èèyàn kí, kì í pariwo, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Pauline ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Láti kékeré ló ti ń gbé Thames View, ilé rẹ̀ sì kọjú sí gbọ̀ngàn kánsù tí ìjọ wa ti ń jọ́sìn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn kan ti fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà, pé kí a padà síbi tí a ti wá. Nígbà tí a máa fi dé tàwa ti sùtánà funfun wa, Pauline ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú garawa omi gbígbóná, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́. Ó ní kí a má bínú, ó kù díẹ̀ kó tán. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń wò ó bí ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pàápàá kò kí i mọ́.

Èmi àti Pauline la jọ ń kan ilẹ̀kùn kiri. Nílé àwọn òyìnbó, wọ́n á ní àwọn lè dìbò fún Pauline àti Kevin, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ti ẹnì kẹta yẹn. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n mú lọ́wọ́ o, wọn ò kàn fẹ́ pè é ni. Nílé àwọn tiwa, mo máa ń ṣàlàyé pé ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà náà lè dìbò níbí. Inú wọn á dùn. Kí n tó jáde tán, wọ́n á bi mí bóyá ó di dandan kí àwọn dìbò fún òyìnbó mọ́ Démọ́lá.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdìbò, a gba ààwẹ̀ fún Démọ́lá. Nínú ìsìn, ẹ̀mí gbé ìyá aríran wa, ó ní òun rí àga kan nínú ilé ńlá, ọmọ ìjọ kan sì jókòó lórí rẹ̀ pẹ̀lú sùtánà. Gbogbo wa ṣe Àmín, èmi náà ṣe é. N kò bá ìran jà. Ìtumọ̀ tí Alàgbà Fálàdé, olórí ìjọ wa, fún un ni mo bá jà. Ó ní àga kan ni Olúwa fi hàn wá, nítorí náà àmì kan ṣoṣo ni kí á fi sínú ìwé ìdìbò, síwájú orúkọ Démọ́lá. Ó ní ìbò tí a bá fún àwọn méjì yòókù lè gbé wọn ga ju ọmọ wa lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá,” mo ní, “àga mẹ́ta ló wà. Tí a bá fi méjì sílẹ̀, ẹlòmíràn á lọ jókòó síbẹ̀.”

“Ìyá Bísí, òyìnbó á dìbò fún òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí àwa náà tọ́jú tiwa.”

“Pauline ló fọ ilẹ̀kùn yìí, sà.”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,” ni Alàgbà wí. “Ọlọ́run á san án fún un.”

Alàgbà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílùú yìí, tí wọ́n ń fi àwọn òyìnbó tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀gá lé e lórí. Ohun tó rí ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Mo lọ bá Démọ́lá pé kó bá ìjọ sọ̀rọ̀, ó ní òun ò lè bá Alàgbà jiyàn. Mo pe àwọn èèyàn lórí fóònù títí ohùn mi fi há. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: Bàbá ti sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìdìbò, wọ́n ka ìbò. Wọ́n máa ń gba àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú láyè láti dúró wo ìwé bí wọ́n ṣe ń tú u, láìfọwọ́ kàn án. Ìwé kan jáde, àmì kan ṣoṣo, Démọ́lá. Òmíràn tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìwé àwọn tiwa ń jáde, àyè méjì ṣófo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pauline dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n fi àmì sí ti Kevin àti ti Pauline, wọ́n fo Démọ́lá, wọ́n sì fún ọkùnrin onípáìpù ní ẹ̀kẹta. Nínú òmíràn, wọ́n fo Pauline náà, torí ilẹ̀kùn tó fọ̀. Ìdí tí àwọn yẹn fi ṣe tiwọn kò yàtọ̀ sí ìdí tí àwa fi ṣe tiwa.

Kevin wọlé. Démọ́lá wọlé. Ọkùnrin onípáìpù ló gba àga kẹta. Iye tó fi ju Pauline lọ kò lè kún bọ́ọ̀sì mi. Ká ní àwọn ará ìjọ wa fi àmì mẹ́ta síbẹ̀ ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìbá wọlé, ìran ìyá aríran wa ìbá sì ṣẹ síbẹ̀.

Pauline kò wojú mi. “Àwọn tèmi fò mí torí yín,” ló wí. “Àwọn tiyín ńkọ́?”

Ojú tì mí débi pé mo ń tún gèlè mi ṣe. Ibẹ̀ ni ọkùnrin onípáìpù ti wá bọ̀ mí lọ́wọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín,” ló sọ, ó sì lọ.

Démọ́lá ń gbìyànjú ní kánsù, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nítorí rẹ̀, àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ẹni tó jọ wọ́n lè jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpàdé ni onípáìpù ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè ẹni tó yẹ kó máa lo gbọ̀ngàn wa. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn mẹ́ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fà kalẹ̀. Pauline kọ̀, kò díje mọ́. Ìbò tí a jẹ ẹ́ ṣì wà lọ́rùn wa, kò sì síbi tí a ti máa san án. Bẹ́ẹ̀ Alàgbà tún ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ lórí fóònù: orúkọ kan, àmì kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a bá ọ̀rọ̀ tuntun lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ọ̀dà pupa. Mo wo òdìkejì títì. Pauline wà lójú fèrèsé rẹ̀. A juwọ́ síra wa, ṣùgbọ́n kò jáde. Àwọn ará ìjọ wọlé lọ bẹ̀rẹ̀ orin. Mo bọ́ sùtánà mi, mo lọ bu omi gbígbóná sínú garawa, mo sì kúnlẹ̀. Ọ̀dà náà ti gbẹ.