Ohun Tí Ọ̀rẹ́olúwa Kò Sọ fún Bàbá Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ọkọ mi, Tíṣà Harold, fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìṣirò. Olóríkunkun ni ọkọ mi, Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí wọ́n máa gbà kọjá tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ kan ò ní dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ìyẹn nìkan ni ọrọ̀ tí wọ́n ní láyé.

Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń ṣe olùkọ́ ní Ayépé nígbà tí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní àwọn máa gbà á kó wá gboyè kejì lọ́fẹ̀ẹ́, bí máàkì ẹ̀ bá ti pé nínú ìdánwò kan tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ní Èkó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àyè ẹ̀ wà. Bàbá ẹ̀ ní ta ló tún máa kọ́ ọ lẹ́yìn àwọn. Wọ́n gbé ìwé kan jáde tí ọ̀rẹ́ wọn lò láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi pẹ́ńsù ṣe ìdánwò náà. Ọmọ ní òun fẹ́ máa fi láptọ́ọ̀pù dánra wò. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù kì í ṣe orí. Èmi náà ní kó gbọ́ ti bàbá ẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ gbáko, láràárọ̀ kó tó wọkọ̀ lọ sí Ayépé, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì, bàbá á di aago mú, ọmọ á máa kọ. Òfin kan ni wọ́n ń tẹnu mọ́: "Èyí tó bá le, yáa mú èyíkéyìí nínú àwọn ìdáhùn ibẹ̀, kí o kọjá. Wàá padà wá bá a." Bó bá pẹ́ lórí ìbéèrè kan, wọ́n á fi rúlà gbá tábìlì.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó ti Èkó dé nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ wú. Ojú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti gbé máàkì ẹ̀ jáde, kò sì tó rárá. Bàbá ẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ò múra tó ni.

Kò múra tó ke, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ! Bàbá ẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wa. Èmi tó yẹ kí n fà á mọ́ra, mo ní fóònù ló ti jẹ ẹ́ lórí. Ẹyin lohùn, mo mọ̀ ọ́n, mo sì jẹ́ kó bọ́. Ọmọ náà kàn kúnlẹ̀, ó ní ká má bínú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Síbẹ̀ bí àlejò bá wọlé, wọ́n á fi ẹnu tó ti wọ́ yẹn sọ pé àwọn kọ́ ọmọ, kò gbọ́ ni. Ọ̀rẹ́ á máa nu itọ́ ẹnu wọn. Bí wọ́n ṣe kú nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, Fatihah, ọmọ aládùúgbò wa, wá yá ìwé Tíṣà, torí òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò ọ̀hún. Mo wà ní kíṣìnì tí mò ń bó ẹ̀gúsí, mo gbọ́ tí Ọ̀rẹ́ ní kó má lò ó. Ó ní orí kọ̀ǹpútà gan-an ni kó ti máa dánra wò, torí béèyàn bá ti mú ìdáhùn kan tó sì kọjá, kò sí pípadà mọ́. Ó ní ìbéèrè mọ́kànlá lòun sáré kọjá bẹ́ẹ̀ kí òun tó mọ̀.

Mo dúró títí Fatihah fi lọ, mo wá bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún bàbá ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀," ó dáhùn. "Bí mo bá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n kọ́ mi ló pa mí lára, kí ló máa kù fún wọn?"

Mo bú sẹ́kún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti dárí ji àwa méjèèjì. Ọkọ mi wọlẹ̀ lọ láìmọ̀ pé àwọn jẹ̀bi ọmọ yẹn. Èmi tí mo wá mọ̀ yìí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ máa wojú ẹ̀.